Wáyà Tó Wà Lẹ́yìn Fọ́tò Mi

Lẹ́yìn tí a sin Bàbá àgbà mi, ẹbí ní kí n kọ ìwé kékeré kan nípa ayé wọn, nítorí pé èmi ni mo kàwé jù nínú ilé. Wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, pé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló dùn bí oyin. Mo jókòó ti ìwé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá sí mi lọ́kàn ni bí Bàbá ṣe máa ń wo bàtà gogoro mi nígbàkígbà tí mo bá ti Èkó dé, tí wọ́n á béèrè pé, "Yunifásítì, ṣé bàtà yìí ló ń gbé ọ ni, àbí ìwọ lò ń gbé e?" Ìyẹn ò lè wọ inú ìwé tí ẹbí fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí tí mo lè kọ.

Sìkírátù ni orúkọ mi. Ọjọ́ tí mo wọ yunifásítì ni Bàbá ti pa orúkọ yẹn tì, àwọn ará ilé yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń yìn mí ni. Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó kíyè sí i pé ìgbà tí mo bá ṣi nǹkan ṣe ni wọ́n máa ń fi ohùn òkè pe orúkọ tuntun náà. Tí mo bá da omi sílẹ̀: "Yunifásítì!" Tí mo bá fi iyọ̀ sínú ògì dípò ṣúgà: "Yunifásítì!" Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lo ti kọ́ ọ ni?"

Gbogbo Ayétòrò mọ̀ wọ́n sí Bàbá Onípáànù. Páànù ìbolé ni wọ́n tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á rà á ní Kútọnù, wọ́n á gbé e gba Kétu àti Ìlárá wọlé. Àwọn tó fẹ́ pọ́n wọn lé a máa pè wọ́n ní Àlàájì, Bàbá á sì dá onítọ̀hún dúró láàárín títì kí wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: "Kétu ni mo dé. Mi ò dé Mẹ́kà." Èmi tí mo máa ń kọ "òǹkọ̀wé àti onímọ̀" sábẹ́ orúkọ mi, ẹ lè mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wò mí. Wọ́n bi mí nígbà kan pé onímọ̀ nípa kí ni. Mo ní ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ni mo kọ́. Bàbá gbé ife tíì wọn sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rin gbáko, láti kọ́ bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀? Ìyá rẹ ò kọ́ ọ nílé ni?"

Alámọ̀ ni ilé wọn, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó na ẹsẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó ọjà sí, nítorí náà wọ́n fi páànù bo ògiri rẹ̀ tinú tòde, kí olè àti eku má baà ríbi wọlé. Nígbà tí wọn ò tajà mọ́, inú yàrá páànù yẹn gan-an ni wọ́n gbé ibùsùn wọn sí. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n bọ́ sí yàrá iwájú tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Wọ́n ní, "Ọjà ni mo kọ́ yàrá yìí fún. Èmi ni ọjà tó kù."

Bàbá fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n ju oúnjẹ lọ. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ri òpó gíga kan mọ́ àgbàlá, tí wọ́n gbé irin tó ń gba àwòrán sórí rẹ̀, wọ́n sì ní kí bíríkìlà fi wáyà dúdú kan, èyí tí bàbà wà láàárín rẹ̀, sínú ògiri bó ṣe ń rẹ́ ilé. Orí kan yọ ní pálọ̀, orí kan yọ ní yàrá ẹ̀yìn, kí àwọn lè máa wo àwòrán níbi tí wọ́n bá ti ń ṣọ́ ọjà. Abẹ́òkúta ń wọlé, Kútọnù náà ń wọlé. Èdè Faransé ni Kútọnù ń sọ. A kì í gbọ́ ọ, Bàbá náà kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́. "Ààrẹ wọn ń kí wa," ni wọ́n máa ń túmọ̀ fún wa. Lójoojúmọ́ ni ààrẹ ń kí wa. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo kọ́ Faransé díẹ̀, mo sáré wá sọ fún wọn pé iye tí wọ́n ń ta àgbàdo ni ọkùnrin náà ń sọ. Bàbá ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára àwòrán. "Kó tó dé orí àgbàdo, ó ti kọ́kọ́ kí wa."

Ẹ̀ṣẹ̀ mi wá kàn. Lọ́dún tí mo gboyè, mo pinnu láti sọ pálọ̀ Bàbá di pálọ̀ ọ̀làjú. Tẹlifíṣọ̀n wọn ti kú nígbà náà. Mo kun ògiri, mo rí orí wáyà dúdú tó yọ jáde, mo ní irú ìwà ará oko wo nìyí, mo sì fi ọ̀bẹ gé e mọ́ ògiri pátápátá. Mo wá gbé fọ́tò ńlá tí mo yà nínú aṣọ ìgboyè, mo fi kọ́ síbẹ̀ kó bo ihò náà. Bàbá jókòó, wọ́n wo fọ́tò yẹn pẹ́. "Ó dáa," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Tẹ́lẹ̀, èèyàn púpọ̀ la máa ń rí lápá ibẹ̀."

Mo ti sọ pé ẹbí fẹ́ kí n kọ ọ́ pé Bàbá kì í jà. Bàbá ní ìjà kan, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bàbá Sámú ni wọ́n bá jà, àgbẹ̀ tí ilé wọn kángun sí tiwa, ẹgbẹ́ Bàbá ni. Ọ̀rọ̀ odi ni: Bàbá ní Bàbá Sámú mọ odi náà wọ ilẹ̀ wa ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Wọn ò kí ara wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wọn ò sì kí ara wọn títí mo fi gboyè. Tí ọ̀rọ̀ bá di dandan, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bàbá á dúró nídìí odi: "Ẹnìkan ti gbàgbé ewúrẹ́ rẹ̀ sínú ọgbà mi o." Láti òdìkejì: "Ẹnìkan ti gbọ́." Èmi onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní kí n bá wọn parí ẹ̀. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Tí mo bá parí ìjà yìí, ta ni n ó máa bá jà? Ìwọ?"

Ìjọba wá ti bọ́dà tó wà láàárín wa àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo wa rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ọjà dá, ọkọ̀ dá, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń dá ọkọ̀ dúró láti wá ìrẹsì fàyàwọ́ ju iye abúlé tó wà lójú ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá pàdánù kì í ṣe ìrẹsì. Àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù, tí a ń pè ní Ìyá Kétu, ìlú Kétu ló ń gbé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, oṣooṣù ló sì máa ń wá kí wọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ẹ̀pà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ kan náà: nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ẹran kan sọnù nínú ìkòkò ìyá wọn, Bàbá sì ni wọ́n nà. Bàbá ní Ìyá Kétu ló jẹ ẹ́. Ìyá Kétu ní irọ́ ni, wọn ò kúkú na Bàbá tó. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́ ẹran yìí.

Ọ̀kadà ń gba inú igbó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Orúnkún Ìyá Kétu ò gba irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ní kí Bàbá gbìyànjú rẹ̀, wọ́n ní, "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé mi gba inú igbó bí àpò ìrẹsì."

Oṣù kẹta tí wọ́n ti bọ́dà ni Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀, tí itan wọn sì ṣẹ́. Ẹni tó ń to eegun wá láti Ìgbógílà, ó fi pákó di ẹsẹ̀ náà, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má gbé wọn kúrò lórí ibùsùn. Inú yàrá páànù sì ni ibùsùn wà. Páànù tí kì í jẹ́ kí olè wọlé ò jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Tí fóònù bá ti ré ìloro yẹn kọjá, ó kú nìyẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìròyìn dé pé ara Ìyá Kétu ò yá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìròyìn dé pé ara wọn ti yá. A sáré sọ fún Bàbá. Bàbá ní, "Ẹ ṣeun," wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí èèyàn bá kú, tí àgbà kan sì wà lórí àìsàn, a kì í sọ fún un. A ó ní ẹni náà rìnrìn àjò. A ó ní ó ń sùn. A ó ní ara rẹ̀ ti ń yá. Bàbá fúnra wọn ti ṣe é rí: ọ̀rẹ́ wọn kan kú, odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó lọ ta ọjà ní Gàbọ́ọ̀nù, wọ́n tilẹ̀ ń ra aṣọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ irọ́ yìí bíi tiwọn, wọ́n sì gbà pé Ìyá Kétu ti kú. Mo gbé ohùn Ìyá Kétu tí wọ́n gbà sórí fóònù wọlé. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n ní ta ló lè sọ bóyá ti èṣí ni. Mo gbé fídíò wọlé, Ìyá Kétu ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́. "Ìgbà wo ni wọ́n yà á?" Wọ́n gbé ẹ̀kọ wọn tì. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. "N ó jẹun," ni wọ́n wí, "lọ́jọ́ tí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó sì dá mi lóhùn."

Èmi Yunifásítì gba iṣẹ́ náà. Ráútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní pálọ̀, kò gbà ju kí n fa wáyà láti ibẹ̀ dé yàrá páànù lọ. Kútọnù ni wáyà tó dára ti máa ń wá, nítorí náà èyí tó kù lọ́jà ni mo rà, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá ni ẹni tó ń to eegun. Wáyà gbé e lẹ́sẹ̀, orí àpò oògùn rẹ̀ ló balẹ̀ sí. Bàbá gbọ́ ariwo náà láti inú yàrá. "Ẹsẹ̀ kan ti ṣẹ́ nínú ilé yìí. Yunifásítì, ṣé èkejì lò ń wá ni?" Mo ká wáyà mi.

Mo ní kí a lu ògiri. Ẹ̀gbọ́n Músílíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bíríkìlà ni. Ó fi ìka kan ògiri, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó sì ní, "Tí o bá lu èyí, orí Bàbá ló máa wó sí. Ṣé wọ́n kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń wú èèyàn jáde lábẹ́ ògiri náà?"

Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Wáyà wà nínú ògiri," ni wọ́n wí.

Mo jókòó ti ibùsùn, mo fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn, bí a ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọdé, pé wáyà tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, pé íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gba inú irú rẹ̀. Àlàyé náà gùn. Bàbá jẹ́ kí n parí. "Ó gbé ààrẹ Kútọnù wá sínú yàrá yìí," ni wọ́n wí. "Kí ni kò ní jẹ́ kó gbé àbúrò mi?"

Mo jáde síta, mo pe ẹnìkan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Èkó, kí n lè rí ẹni bá mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àpótí kékeré méjì kan wà tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn gan-an: ọ̀kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ọ̀kan á wà ní òpin wáyà tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún, wáyà náà á sì gbé íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín wọn. "Bàbá yín tọ̀nà," ló wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ ra wọ́n ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì padà lọ́sàn-án. Níbì kan lójú ọ̀nà, aṣọ́bodè kan gbé àpótí náà sókè, ó mì ín. "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi. Ó dá mi dúró. "Ṣé ìrẹsì ni?" Mo ní rárá. "Ẹ máa lọ."

Ó wá ku orí wáyà ti pálọ̀. "Ẹ gbé Yunifásítì kúrò lára ògiri," ni Bàbá pàṣẹ láti inú yàrá. Ẹ̀gbọ́n Músílíù gbé fọ́tò mi sọ̀kalẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ kọ ògiri. Ó ní láti fi òòlù gbẹ́ ibi tí mo ti gé wáyà kí a tó rí ìwọ̀n ìka kan fà jáde. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń béèrè: "Ta ló gé nǹkan yìí báyìí? Ta ni aláìmọ̀ yìí?" Ó mọ̀ ọ́n.

A so àpótí méjèèjì. Iná wọn tàn, ó kú, ó tàn, ó kú. Mo pe ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Èkó padà. Ó ní a gbọ́dọ̀ yọ òpó àti búsítà, èyí tó ń fún àwòrán lágbára, kúrò lára wáyà, kí a sì wò ó bóyá ó ní ẹ̀ka mìíràn, nítorí ẹ̀ka tí kò so mọ́ nǹkan gidi á máa ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo wọlé lọ bi Bàbá bóyá wáyà náà ní ẹ̀ka mìíràn.

"Kò ní," ni Bàbá wí. Wọ́n yára sọ ọ́ jù.

Mo gun àkàbà wọ àjà. Mo yọ búsítà, mo tú òpó, mo sì rí irin kékeré kan tó pín wáyà sí mẹ́ta. Ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ sí pálọ̀. Ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ sí yàrá páànù. Ẹ̀kẹta gba abẹ́ etí òrùlé, ó kọjá lórí odi tí wọ́n ń jà lé lórí, ó sì wọ ilé Bàbá Sámú.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Bàbá Sámú ò ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, wọ́n fúnra wọn jókòó. "Ìyàwó mi rọ lẹ́sẹ̀ kó tó kú," ni wọ́n wí. "Eré Yorùbá nìkan ló ń mú inú rẹ̀ dùn, òpó tiwa ò sì mú nǹkan kan. Ẹnu ọjà ni Bàbá yín ti gbọ́. Ó fa wáyà yẹn wá fúnra rẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri, ó so ó. Ó ní kí n má dúpẹ́ o. Ó ní, 'Ìjà wa ṣì wà.'"

Wáyà náà ṣì so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Mo nawọ́ láti tú u.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò," ni Bàbá Sámú wí. "Ṣé ìwọ lo so ó?" Wọ́n rọra tú u fúnra wọn, wọ́n di wáyà náà ká ọwọ́, wọ́n sì gbé e fún mi. "Sọ fún un pé mo ti tú u. Má bá mi kí i."

Mo padà sí yàrá páànù. "Bàbá, Bàbá Sámú ti tú u. Wọ́n ní kí n má kí yín."

Bàbá fi ọwọ́ tún aṣọ ìbora wọn ṣe. "Ó ṣeun," ni wọ́n wí. "Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo yọ irin tó pín wáyà, mo so orí méjì tó kù pọ̀. Iná àwọn àpótí náà tàn, kò sì kú mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sórí àpótí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo so ó, mo pe Kétu. Ọmọdébìnrin kan yọjú, ọmọ-ọmọ Ìyá Kétu, ó fi Faransé kí Bàbá. "Bọ́ńjúù, Pàpá!"

"Mi ò bá ọ ṣe bọ́ńjúù," ni Bàbá wí. "Ìyá àgbà ẹ dà?"

Ọmọ náà yí fóònù. Ìyá Kétu jókòó lórí ẹní, wọ́n rù, wọ́n wé gèlè kékeré kan. Bàbá ò kí wọn. Wọ́n gbéra sókè lórí ìrọ̀rí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tó. "Ta ló jẹ ẹran Ìyá wa?"

"Ẹ̀yin ni!" Ìyá Kétu fi ọwọ́ lu ẹní. "Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, ọ̀rá rẹ̀ wà lẹ́nu yín! Ṣé ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ fi ebi pa ara yín nìyẹn? Àgbàyà!"

Bàbá fẹ̀yìn lélẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, ojú wọn tú ká. "Ẹni tó ti kú ò lè parọ́ tó báyìí," ni wọ́n wí. "Ẹ gbé ẹ̀kọ mi wá."

Lójoojúmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe ẹjọ́ ẹran nínú wáyà. Ẹsẹ̀ Bàbá jiná. Wọ́n lè rìn dé pálọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí a gbé kọ̀ǹpútà kúrò ní yàrá páànù. Ẹ̀gbọ́n Músílíù fẹ́ gbé fọ́tò mi padà sára ògiri, èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀.

Bàbá lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, lójú oorun, bọ́dà ò sì tíì ṣí. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wa ṣe ní kí a ṣe. Nígbà tí a ń gbé wọn kọjá, Bàbá Sámú dúró sí ẹ̀gbẹ́ odi tiwọn, fìlà lọ́wọ́. Wọn ò ré odi náà kọjá. Mo mọ̀ pé Bàbá ò ní fẹ́ kí wọ́n ré e.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbé Bàbá jáde, àwọn àgbà ilé ti ṣèpàdé, wọ́n ti pinnu: kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Ìyá Kétu. Ara wọn ò le tó bẹ́ẹ̀. "Yunifásítì," ni Ẹ̀gbọ́n Músílíù wí, "tú wáyà yẹn. Tí wọ́n bá pè, sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí." Mo gbà. Mo tú u. Mo tilẹ̀ ti to irọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn mi, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ ńlá ńlá tí mo kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà.

A ò tíì gbé wọn jáde tí fóònù mi fi dún ní pálọ̀. Ìyá Kétu ni. "So wáyà, mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo sọ ti iná, mo sọ ti àpótí. Irọ́ tó dára ni. Ìyá Kétu jẹ́ kí n parí.

"Sìkírátù," ni wọ́n wí. Ó pẹ́ tí ẹnìkan ti pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. "Èmi náà ti pa irọ́ yìí fún àgbà rí. Mo fẹ́ rí ojú wọn."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n Músílíù. Ó ń wo ilẹ̀. Mo rántí ẹ̀kọ tó tutù sínú àwo fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí ojú kan. Mo wọ yàrá páànù lọ, mo so wáyà.

Wọ́n ti di Bàbá ní aṣọ funfun, ojú wọn nìkan ni wọn ò tíì bò. Ìyá Kétu wo ojú náà. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Sún mi mọ́ wọn." Mo gbé kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ ibùsùn. "Sún mi mọ́ wọn sí i." Mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ etí Bàbá.

Ìyá Kétu rẹ ohùn wọn sílẹ̀, bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ ẹran yẹn."